Orin Keje

Ọjọ́ Ẹtì ni rẹ́kọ́ọ̀dù Fúnbí Mẹ́dùpín jáde.
Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán
wọ́n ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi n'Íyàrá,
káàdì fóònù lọ́wọ́ wọn
bí ẹni mú èso káṣú wá sórí ìwọ̀n.
Igba náírà ni mò ń gbà. Orin mọ́kànlá.
Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìnkùlé, mò ń dà á fún wọn,
mò ń dà á, ìka ń ro mí.

Ọmọ wa ni. A mọ ilé tó ti jáde,
ilé onípáànù pupa lójú ọ̀nà Ẹkìnrìn.
A mọ̀ pé Ọ̀gá Aiyédùn lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin,
ó ní ohùn rẹ̀ a máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Lónìí Ọ̀gá Aiyédùn wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ,
ó ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá: "Èmi ni mo kọ́ ọ."
A ò já a nírọ́. Ó ti dàgbà.

Àwọn ará Èkó gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dáa, ó kù díẹ̀.
Ìwé ìròyìn kan fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.
Ta ló wà lókè tó ń pín ìràwọ̀?
Ìyàrá pàápàá ń ráhùn:
àwọn àgbà ní ó ti fomi la Ìjùmú ẹnu rẹ̀,
àwọn ọ̀dọ́ ní ìkẹta nìkan ló ṣeé jó sí,
ìyàwó pásítọ̀ ní kí n yọ ìkarùn-ún kúrò nínú tòun,
nígbà tó ṣe, ó rán ọmọ padà wá gbà á.

Ṣùgbọ́n ìkeje ni gbogbo wọn jọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.
Kò ní ìlù. Kò lọ́rọ̀ nínú. Ìṣẹ́jú kan péré.
Ẹnìkan tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, nǹkan náà húkọ́.
Àkùkọ kọ lókèèrè.
Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún húkọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Lẹ́ẹ̀kẹrin ó bú, ó gbéra, ó ń lọ,
ó ń lọ títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.
Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan ní Lọ́kọ́jà ní àṣìṣe sítúdíò ni,
ó fò ó, ó bọ́ sí ìkẹjọ.

Ọbasajú mẹkáníìkì wá gba tirẹ̀ lọ́sàn-án.
Ìkeje ni ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó wọlé.
Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Súsúkì ni. Súsúkì Mẹ́dùpín ni!
Púlọ́ọ̀gì yẹn, mo sọ fún un kó pààrọ̀ ẹ̀,
ó ní ó dìgbà tóun bá ta kọfí tán ní Kàbà."
Gbogbo ìlà dákẹ́.
Ọdún kẹfà rè é tí ọ̀nà Kàbà gba Mẹ́dùpín lọ́wọ́ wa,
tòun ti àpò kọfí mẹ́ta.
Àṣé ọmọ náà ti gbé fóònù sójú fèrèsé láàárọ̀ kan.
Ta ní í mọ àárọ̀ tí yóò wúlò?

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ̀ dé. "Òkun o," ni mo kí i.
Kò bèèrè mọ́kànlá. Ìkeje nìkan.
Ó gbọ́ ọ, ó ní kí n tún un tẹ̀,
ó fọwọ́ bo fóònù bí ẹni bo àtùpà nínú afẹ́fẹ́.
Ó wá ní, "Dúró níbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìkẹta.
Ṣé o lè gé e síbẹ̀?"
Mo ní, màmá, orin olórin ni, a kì í gé e.
Ó wò mí.

Mo gé e.
Nínú káàdì ìyá Fúnbí
ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà ní àfẹ̀mọ́júmọ́,
ó ń tẹ ọ̀kadà, ọ̀kadà ò jí,
àkùkọ ń kọ,
ìyàwó rẹ̀ ń dáná nínú ilé,
ó ṣì lè ní kó wọlé wá jẹun ná.

Igba náírà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mi ò tíì lè ná an.